Aràn Aláṣọ Àrán

Ohùn ló pín wọn níyà.
Aràn: èyí tí à ń lo oògùn sí.
Àrán: èyí tí bàbá àgbà mi, Arówójobẹ,
rù láti Òkèṣà dé Ìkàrẹ́,
tó tà láwìn fún ẹni tó fẹ́ ṣe bẹbẹ lọ́dún,
tó sì padà lọ́jọ́ ìpé
lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Òṣó ni n ó ló títí n ó fi gbowó mi."

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje lọ́jọ́ tó yí ìtì arère kan
tó ti jẹrà lóko kòkó wa.
Ó ní, "Wolẹ̀. Má fọwọ́ kàn án."
Ohun kan wà níbẹ̀, kò gùn ju ìka mi lọ,
ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró lẹ́ẹ̀mẹta,
ara rẹ̀ rí mùlọ́mùlọ́.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, wọ́n kúkúrú,
ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń ka owó olówó.

"Kì í ṣe ọ̀kùn, ẹ̀yìn ọ̀kùn le.
Kì í ṣe ekòló, ekòló kò lẹ́sẹ̀.
Èyí ra àrán lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, kò jẹ gbèsè."

Ikán kan ń kọjá.
Aràn náà dúró. Ó dúró pẹ́, ó sú mi.
Lójijì ó tu itọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tín-ín-rín bí òwú,
ikán lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹyẹ inú àtè.
Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni! Ó lóṣòó, ó sì gbà á!"
Ó dá ìtì náà padà jẹ́jẹ́
bí ẹni tó ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Wọ́n ti wá rí wúrà nínú iyanrìn odò wa.
Fọlárànmí, àbúrò mi, ló mú wọn wọ oko.
N kò bú u. Ọmọ mẹ́ta ló ń rán níléèwé,
òrùlé rẹ̀ sì ń jò.
N kò bú u, mo kàn ka ihò ni:
mọ́kàndínlógún, láti ìdí arère dé etí odò,
omi inú wọn pọ́n bí epo tó ti bàjẹ́.
Oòrùn ti wọ ibi tí kò wọ̀ rí.
Aláṣọ àrán yìí kì í sì í yáàrùn.
Bó bá pẹ́ díẹ̀ ní gbangba, ó gbẹ, ó parí.

Obìnrin kan wá láti yunifásítì Ifẹ̀,
Dókítà Awẹ́lẹ́wà, tòun ti ìgò àti tọ́ọ̀ṣì.
Òru mẹ́ta la fi wá a.
Gbogbo ìtì tó yí ló ń dá padà;
ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ nílé.
A rí àkekèé. A rí ìgbín. A rí ọ̀kùn, ọ̀kùn, ọ̀kùn.
"Màmá, ṣé ẹ rí i lóòótọ́?"
Ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn. Mo ní mo rí i.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀,
ó sì fi àmì ìbéèrè kékeré kan tì í.

Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iyì wúrà là ń tà á fún.
Ó dáa.
Ta ló mọ iyì aràn?

Mo ti gbé àbọ̀ ìtì kan wálé, sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.
Mo ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́.
Fọlárànmí ní orí mi ti dàrú,
ó sì ń bá mi pọnmi náà nígbà mìíràn.
Òjò rọ̀ lánàá. Mo jáde, mo pa tọ́ọ̀ṣì,
mo lóṣòó ti igi náà, orúnkún mi ń ké.
Ikán kan ń kọjá.
N kò mira.